Ilé ìtẹ̀wé kan n'Íjẹ̀bú-Òde àti ojú-ewé keje wa tí wọ́n gbé ẹṣin lé lórí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀wé ní sàkáání Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé ètò ìsìnkú ni o, kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni o, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó gbówó sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò sì ní júwe ẹ̀ débi tẹ́ ẹ máa dá a mọ̀, torí ẹni tó ni ín kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n nǹkan tí wọ́n ṣe fún wa dùn mí wọ akínyẹmí ara, ó sì kan gbogbo ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè kà á.

Èmi ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, a máa ń ṣe ìwé ìròyìn kékeré kan, ojú-ewé 12 péré, torí ìgbà Ojúde Ọba ni àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújá, ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń wálé, àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́ ń rán aṣọ, àwọn ẹlẹ́ṣin ń palẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì dé máa fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílé: ta ló bímọ, ta ló kú, ta ló ṣílé, èló ló wà lápò ẹgbẹ́. Fọ́tòkọ́pì la fi ń ṣe é láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí a ní rárá, ká ṣe é bó ṣe yẹ kó rí, kálà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ̀dà 500.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa, torí ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Wọ́n ní kátà ńlá tó ń gé ìwé gún régé, wọ́n ní máṣìnnì Kord àtijọ́ kan tó ń mi gbogbo ilẹ̀ tìtì tó bá ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ẹ̀ ń mọ́lẹ̀ kedere, íńkì ò sì ràn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe dísáìn mọ CorelDRAW, ó tún mọ Yorùbá kọ, ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó fi ẹsẹ̀ sí ẹ àti ọ, nǹkan tí mi ò rí ní ṣọ́ọ̀bù méjì tí mo ti lọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé "Mummy fọ́ǹtì wa ò gbé e". Owó wọn, ₦285,000 fún 500, bébà bond nínú, art paper níta. Mo ti bèèrè níbi mẹ́ta, iye yẹn ò pọ̀ jù, ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta bébà àti pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé báyìí ò ní bá wọn jà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọn ò ní kí n fowó epo kún un. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n ṣe tán. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni mi ò bá fún wọn, mi ò bá sì máa fi wọ́n júwe fún gbogbo ìlú.

Ojú-ewé keje ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí káńsù ti wá ri pátákó kan mọ́ ẹnu àdúgbò wa pé wọ́n fẹ́ ṣe gọ́tà. Wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé gbogbo èèyàn, wọ́n da iyanrìn sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò ti gbé iyanrìn yẹn lọ tán. Pátákó yẹn náà, àwa ò rí i mọ́. Orí pákó làwọn àgbàlagbà ń gbà wọlé ara wọn, ìyá kan sì já sínú kòtò náà lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, itan ẹ̀ ló kán, bí mo ṣe ń kọ èyí orí bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà. Lẹ́tà mẹ́ta la ti kọ, wọn ò fèsì ẹyọ kan. Ni bàbá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ tó bá mú bírò, bá jókòó kọ ọ̀rọ̀ tó kún ojú-ewé kan gbáko, a fi fọ́tò kòtò náà sí i lókè. Nínú gbogbo ìwé ìròyìn yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì wà, ìyókù ìkíni àti àwòrán ni.

Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n pè mí wá wo prúùfù, ẹ̀dà tí wọ́n ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀wé. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á láti 1 dé 12, mo tún àṣìṣe mẹ́rin ṣe, ojú-ewé 7 wà níbẹ̀ digbí, mo ka òun náà, mo sáìnì. Ọmọ tó ń ṣe dísáìn gan-an ní "Mummy, báyìí ni gọ́tà tiwa náà ṣe rí o." Ní Friday wọ́n ti dì í ní ìdì márùn-ún, mo san bálánsì, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́, mo ń lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí mo délé mo fa ẹ̀dà kan yọ, mo ṣí i sí àárín, ibi tí wọ́n gbá pín-ìnnì sí. Ojú-ewé kẹfà wà, orúkọ àwọn tó ti san owó ọdún. Ojú-ewé keje, àwòrán ẹṣin.

Ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó gùn ún de fìlà, ó ju ọwọ́ sókè, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé Ẹ KÚ ỌDÚN OJÚDE ỌBA. Àwòrán yẹn rẹwà. Ó rẹwà débi pé ẹni tí ò bá mọ̀ ò lè fura láéláé pé ọ̀rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ rí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi ojú-ewé yẹn sílẹ̀ ní funfun ni, ẹni tó bá ṣí i á bèèrè pé kí ló wà níbí, mo dẹ̀ máa sọ fún un. Ní India ní 1975, nígbà tí Indira Gandhi kéde pàjáwìrì tí wọ́n ní gbogbo ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìjọba kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, Indian Express fi àyè tí wọ́n máa ń kọ èrò olóòtú sí sílẹ̀ lófìfo, gbogbo òǹkàwé ló rí i tó yé wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ ẹ tí wọ́n tún wá fi òdòdó bò ó mọ́lẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan?

Ní Saturday, mi ò tíì jẹun àárọ̀ tí mo ti dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ tó ń ṣe dísáìn ò lè gbójú sókè wò mí. Ọ̀gá wọn jáde, ẹni tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò ní jìnnà sí tèmi, ó ní "Mummy ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi fún yín." Mo ní mi ò fẹ́ omi, ojú-ewé keje mi ńkọ́? Kò parọ́, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n yọ ọ́, pé alẹ́ Wednesday tí wọ́n fẹ́ ṣe pléètì lòun rí i. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí, nọ́ńbà mi wà lórí rìsíìtì. Ó dákẹ́, ó wolẹ̀, ó wá ní "Tí n bá pè yín, ẹ máa ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ọmọọṣẹ́ lòun ní Ṣómólú l'Ékòó nígbà Abacha, ibi tí gbogbo Nàìjíríà ti máa ń lọ tẹ̀wé, pé lóru ọjọ́ kan àwọn ológun ya wọ ibi tóun ti ń kọ́ṣẹ́ torí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń tẹ ojú-ewé kan fún màgásíìnì tí ìjọba ò fẹ́, wọ́n kó pléètì, wọ́n kó bébà, wọ́n da íńkì sílẹ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì na ọ̀gá òun lójú gbogbo ọmọọṣẹ́. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Ọdún 1994 ni Abacha ti Punch, Concord àti Guardian pa, ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó ṣí wọn padà. Àwọn oníwèé bíi TELL àti TheNews ń sá kiri bí ẹni tó jalè, ibi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lónìí wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá kọ̀wé lè sá lọ, ẹni tó ni màgásíìnì lè fara pamọ́, ṣùgbọ́n máṣìnnì ìtẹ̀wé wúwo, kò ṣeé kì sínú báàgì. Atẹ̀wé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí mú. Kì í sì í ṣe Abacha ló dá a sílẹ̀, àtìgbà àwọn òyìnbó ni. Ní 1903 wọ́n ṣe òfin l'Ékòó pé ẹni tó bá fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 250 pọ́n-ùn ṣe onídùúró, owó tó lè kọ́lé nígbà yẹn, ní 1909 wọ́n tún ṣe òfin ọ̀tẹ̀ lé e. Nítorí náà ìbẹ̀rù tó wà lára ọ̀gá yìí, kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Bá a ṣe ń sọ ọ́ lọ ló jẹ́wọ́ ìkejì, pé káńsù ni kọ́stọ́mà òun tó tóbi jù, pé òun lòun ń tẹ rìsíìtì wọn àti lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì wọn, tí wọ́n bá rí ojú-ewé yẹn pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ yẹn lọ nìyẹn, òun sì ní ọmọ méjì ní yunifásítì. Mo bi í pé ṣé ẹnì kan ní káńsù pè yín ni? Ó ní rárá. Ṣé wọ́n tiẹ̀ mọ̀ pé à ń tẹ̀wé? Ó ní wọn ò mọ̀. Ẹ gbọ́ o. Kò sí ológun, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ẹni tó gbé fóònù. Èèyàn kan ṣoṣo tó dá dúró nídìí máṣìnnì ẹ̀ lálẹ́ ló bá wọn ṣe é láì jẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Èyí burú lójú mi ju kí wọ́n fi àṣẹ tì wá pa lọ, mo dẹ̀ máa sọ ìdí.

Ṣé ẹ rántí nígbà tí wọ́n ti Twitter pa? 5 oṣù kẹfà 2021 títí di 13 oṣù kìíní 2022. Ọmọbìnrin mi tó ń ta àdìrẹ lórí ẹ̀ sunkún, ọjà ẹ̀ dúró. Ó burú, ṣùgbọ́n gbogbo ayé rí i. Àwọn ọmọ gbé VPN sórí fóònù, àwọn kan gba kóòtù lọ, ní oṣù keje 2022 ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Nígbà tí NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ń bu owó ìtanràn lé àwọn tẹlifíṣọ̀n lórí náà, a rí i, àwọn èèyàn pè wọ́n lẹ́jọ́, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan l'Ábújá sì sọ ní oṣù karùn-ún 2023 pé NBC kì í ṣe kóòtù, wọn ò lè máa bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ohun téèyàn bá rí ló lè bá jà. Ẹṣin tó wà lójú-ewé keje ńkọ́, ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ lórí ìyẹn, mo ti sáìnì prúùfù, ó ti gba owó, ìwé wà nílẹ̀ tó ń dán.

Mo ní kó bá mi tẹ ojú-ewé yẹn lọ́tọ̀, pélébé, ká máa fi há inú ìwé. Ó kọ̀. Ó bẹ̀ mí, ó ka ₦20,000 padà fún mi, ó ní kí n má bínú. Mo gbà á. Ìgbà tí mo ń lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹ̀yìn ìwé ìròyìn wa dáadáa, ibi tí atẹ̀wé máa ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀ sí, tí wọ́n máa ń kọ pé "Printed by". Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Kò sí i nínú prúùfù náà, mi ò kàn fiyè sí i ni. Ẹ máa wo ibẹ̀ o, ẹni tí ò bá fẹ́ kí orúkọ òun wà lára iṣẹ́ tóun ṣe, ẹ bi í léèrè ìdí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló júwe obìnrin kan fún mi ní Ṣàgámù. Mo wọ mọ́tò ní Lagos Garage ní Monday, mo gbé fáìlì sínú flash. Tẹ́ ẹ bá ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ Ṣàgámù, ẹ máa kọjá oríta Odògbolú, ẹ máa kọjá Ìlíṣàn, ẹ máa kọjá ọ̀nà tó yà sí Ìkẹ́nnẹ́, ibẹ̀ lọkàn mi dúró sí. Ìlú kékeré yẹn, òun ni Awólọ́wọ̀ ti jáde, ẹni tó dá Tribune sílẹ̀ ní 1949 nígbà táwọn òyìnbó ṣì wà lórí àga, tí ìwé ìròyìn náà ṣì ń jáde títí di òní. Òun náà ni Tai Solarin ti jáde, ẹni tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, tó wọ ṣòkòtò péńpé títí tó fi kú, tí kò sí ìjọba tí kò bá wí. Ní 1984 àwọn ológun tì í mọ́lé torí ohun tó ń sọ, láì gbé e dé kóòtù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe Decree 4, òfin ológun tó de àwọn oníròyìn lẹ́nu, tí wọ́n fi ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kan, tí wọ́n sì ní kí Guardian san ₦50,000. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, 19 oṣù kẹwàá 1986, bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa nínú ilé ẹ̀ n'Íkẹjà, dòní wọn ò rí ẹni tó rán an. Mo ń ronú nínú mọ́tò pé àwọn wọ̀nyí rí gbogbo ìyẹn, wọ́n ṣì ń kọ, àwa ń bẹ̀rù nítorí gọ́tà.

Ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn ò tó ti ìṣáájú. Yàrá kan ni, máṣìnnì ẹ̀ kéré, bébà wà lórí àga, èèyàn ò rí ibi jókòó, iṣẹ́ sì ń falẹ̀, mo dúró fún wákàtí márùn-ún. Ó ní "Mummy, ẹ má bínú o, mo máa kà á kí n tó ṣe pléètì, gbogbo ìwé ni mo máa ń kà." Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí ọmọ ilé-ìwé, ó ń mi orí, ó ní yéè nígbà tó dé ibi ìyá tó já sí kòtò. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ó kà á sókè: "Kọ́ńsílọ̀ wa ti jẹ owó gọ́tà náà." Ó yíjú sí mi, ó ní "Mummy, ṣé ẹ rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́?"

Mi ò rí i. Ó ní ṣé ẹ níwèé báńkì? Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde? Ṣé ẹ mọ̀ bóyá owó tiẹ̀ kúrò ní káńsù rárá? Mi ò mọ ìkankan. Ó ní tó bá gbé wa lọ sí kóòtù, kí la máa mú jáde? Ó ní ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gbé e jáde àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa ló lè pè pọ̀, àti pé tó bá tiẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́pàá, ìbanilórúkọjẹ́ ṣì wà nínú Criminal Code, ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tó bá jẹ́ pé a mọ̀ pé irọ́ ni ká tó tẹ̀ ẹ́, ọdún méjì. Àfi tó bá jẹ́ òótọ́ tó sì ṣe ará ìlú láǹfààní. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi fẹ́ràn ẹ̀, ó ní "Ọwọ́ yín ló wà. Ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ lè gbé e lọ síbòmíì. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ nǹkankan níbẹ̀ lẹ́yìn yín."

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Obìnrin yìí náà kọ̀, ó kọ gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ojú mi ló ti kọ̀ ọ́, ó sọ ìdí ẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ kí n pinnu. Atẹ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò tẹ̀. Máṣìnnì ẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀ ni, mi ò lè fi dandan mú un. Ohun tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kó gba owó mi kó wá fi ẹnu mi sọ ohun tí mi ò sọ.

A pe bàbá tíṣà lórí fóònù. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń mu lọ́wọ́, wọ́n gbaná jẹ, wọ́n ní "Ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín náà nìyẹn! Ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀!" Mo fẹ́ máa bẹ̀ wọ́n, obìnrin náà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bíi pé bàbá ń rí i, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o Bàbá, ẹ kú làákàyè. Bàbá, òótọ́ lẹ kọ látòkè délẹ̀, gbólóhùn kan yìí nìkan lẹ ò tíì rí ìdí ẹ̀. Ẹyọ kan yìí ni wọ́n máa dì mú tí wọ́n á fi sọ pé irọ́ ni ìyókù." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo tiẹ̀ rò pé káàdì ti tán. Wọ́n wá ní kó mú bírò. Wọ́n pe ìbéèrè mẹ́rin fún un: Ta ló gba iṣẹ́ náà? Èló ni wọ́n gbé e fún un? Èló ni wọ́n ti san? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa parí ẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè mẹ́rin yẹn le ju ẹ̀sùn lọ. Ẹni tẹ́ ẹ bá pè lólè máa bínú, á fi aṣọ bojú, á ní wọ́n ń ba òun lórúkọ jẹ́, ọ̀rọ̀ á di ti òun, gọ́tà á di ìgbàgbé. Ẹni tẹ́ ẹ bá bi ní èló, kò sí ohun tó máa fi dáhùn ju iye owó lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló dé tí mo ń gba ìdí òfin rò, pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òmìnira, kó jẹ́ òmìnira tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà tó láti rántí 1994 tí rédíò RTLM ní Rwanda ń pe àwọn Tutsi ní aáyán lórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ibi tí àwọn èèyàn sá pamọ́ sí kí wọ́n lè lọ pa wọ́n. Ẹyin lọ̀rọ̀. Constitution wa gan-an ní section 39 fún gbogbo èèyàn láṣẹ láti ní èrò, láti sọ ọ́, láti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì láìsí ìdíwọ́, section 45 sì ní òfin lè pààlà sí i nítorí ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíì. Mo fara mọ́ ọn pé ààlà wà. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí àwọn aláṣẹ máa sún ààlà náà síwájú bó ṣe wù wọ́n. Section 24 nínú òfin Cybercrimes ti 2015, èyí tí wọ́n fi kó oníròyìn àti àwọn ọmọ tó ń kọ nǹkan sórí Facebook, ohun tó sọ nígbà yẹn ni pé tó o bá kọ irọ́ tó bí ẹnì kan nínú tàbí tó tàbùkù ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Ta ló ń wọn ìbínú? Ilé ẹjọ́ ECOWAS bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní 2022, wọ́n tún un ṣe ní 2024, ọ̀rọ̀ tó kù níbẹ̀ dá lórí irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí tó lè fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, àti àwòrán ìhòòhò. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi mú èèyàn. Ọ̀gá ti ìṣáájú náà pe orúkọ òfin yẹn sí mi létí, "Cybercrime, Mummy, Cybercrime", bẹ́ẹ̀ bébà la ní kó tẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí ò ní constitution mọ̀ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Ẹ̀dà 500 tó jẹ́ ojú-ewé kan yẹn, ₦22,000 ló gbà. Dúdú àti funfun ni, fọ́tò kòtò náà dúdú díẹ̀, mo sọ fún un, ó ní pléètì rẹ̀ ló ti gbó, ó yọ ₦1,000 kúrò. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, àdírẹ́sì ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sí. Mi ò ní kó ṣe é. Mo bi í pé ṣé kò bẹ̀rù ni, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, ìdí ẹ̀ gan-an lòun ṣe ń kà á kóun tó tẹ̀ ẹ́.

Nílé, èmi àti àwọn ọmọ mẹ́rin jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ lóru, a há a sínú ìwé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú-ewé keje gan-an, lórí ẹṣin. Ó dé ọwọ́ gbogbo ilé kó tó di ọjọ́ Ojúde Ọba. Lẹ́yìn ọdún a kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí káńsù ní lẹ́tà lábẹ́ òfin Freedom of Information ti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, ẹ ò ní láti jẹ́ oníròyìn, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin 2025 Supreme Court fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà wà lábẹ́ ẹ̀, kì í ṣe Àbújá nìkan. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Ó ti kọjá, wọn ò fèsì. Òfin ní a ní ọjọ́ 30 láti gba kóòtù lọ, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn ti ní òun ò ní gba kọ́bọ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù n'Íjẹ̀bú-Òde: tó bá jẹ́ káàdì ìgbéyàwó tàbí kàlẹ́ńdà lẹ fẹ́, ẹ lọ bá wọn, ẹ ò ní kábàámọ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ ọwọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè bínú sí, ìràwọ̀ kan, ẹ jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe pléètì, kẹ́ ẹ sì ṣí ìdì kan wò kẹ́ ẹ tó san bálánsì. Ní ti obìnrin Ṣàgámù, ìràwọ̀ mẹ́rin, ẹyọ kan tí mo yọ ni ti fọ́tò tó dúdú àti wákàtí márùn-ún tí mo fi dúró. Ìwé ìròyìn ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ là ń gbé e lọ, bí owó mọ́tò tiẹ̀ wọ́n. Bàbá tíṣà ti ń kọ tiwọn sílẹ̀.